Ìbéèrè Ẹnu Ọ̀nà: Yíyẹ Aláìsàn Wò Kí Ó Tó Wọ Yàrá MRI

Ẹni tí dókítà bá ní kó lọ ya àwòrán MRI láti Ìkáràm-Àkókó, ìrìn ló kọ́kọ́ máa rìn. Yóò sọ̀ kalẹ̀ sí Ìkàrẹ́, yóò gba Àkùngbá àti Ọ̀bà bọ́ sí Ọ̀wọ̀, ibẹ̀ ni yóò ti wá mọ̀ bóyá Àkúrẹ́ ló kàn, tàbí Oǹdó, tàbí Adó-Èkìtì, tàbí ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn. Ẹ̀rọ náà kò pọ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018 ka ẹ̀rọ MRI 84 péré ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, 58 nínú wọn ló sì wà ní Nàìjíríà. Kí aláìsàn tó dé ẹnu ọ̀nà yàrá MRI, ó ti ná owó ọkọ̀, ó ti yá owó àwòrán, ó sì ti sùn mọ́jú nílé ìbátan. Ara rẹ̀ kò lélẹ̀ mọ́. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹnì kan yóò na fọ́ọ̀mù Gẹ̀ẹ́sì sí i pé kó fa ìlà sí bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó sì buwọ́ lù ú.

Ẹni mẹ́ta ni mo kọ orí yìí fún: nọ́ọ̀sì tàbí òṣìṣẹ́ ìlera tó ń rí aláìsàn ní Ìkáràm, Ìkàrẹ́ tàbí Ọ̀kà nígbà tí wọ́n bá ń kọ ìwé ìtọ́ka, òṣìṣẹ́ tó wà nídìí ẹ̀rọ, àti ọmọ tàbí ìyàwó tó ń sin aláìsàn lọ. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bá rò pé ẹnì kejì ti béèrè, kò sẹ́ni tó máa béèrè.

Òòfà tí kì í kú

MRI yàtọ̀ sí X-ray. Òòfà ńlá kan ni. Aláìsàn á dùbúlẹ̀ sínú ihò rẹ̀, ẹ̀rọ á máa rán ìgbì rédíò sí omi inú ara rẹ̀, ohun tó bá dá padà ni kọ̀ǹpútà fi ń ya àwòrán. Agbára òòfà yìí ni wọ́n ń fi tesla wọ̀n. Ẹ̀rọ oní-1.5 tesla fi ìlọ́po tó ju 30,000 lọ lágbára ju òòfà ilẹ̀ ayé tí ń darí abẹ́rẹ́ kọ́ḿpáàsì. Irin tó bá súnmọ́ ọn kì í rọra lọ. Bó ti ń súnmọ́ ni agbára tó ń fà á ń pọ̀ sí i, tó fi jẹ́ pé láàárín ìṣísẹ̀ méjì, ohun tí ọwọ́ ń dá dúró tẹ́lẹ̀ á já gbà, á fò.

Ohun tó ṣòroó gbà gbọ́, kódà fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn, ni pé òòfà náà kì í sinmi. BEDC lè mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ lè kọ̀, kọ̀ǹpútà lè kú, kí yàrá ṣókùnkùn biribiri. Òòfà ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Wáyà inú rẹ̀ rì sínú helium olómi tó fi nǹkan bí ìwọ̀n 269 tutù ju òdo lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, nínú òtútù bẹ́ẹ̀, iná tó bá ti wọ wáyà yẹn ń yí po láìsí ohun tó ń dá a dúró. Àwọn ẹ̀rọ kékeré mìíràn wà tó jẹ́ pé irin òòfà gan-an ni wọ́n fi mọ wọ́n. Àwọn yẹn kò tilẹ̀ bá iná mànàmáná da nǹkan kan pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ òòfà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Nàìjíríà ló jẹ́ irú èyí tí agbára rẹ̀ kéré. Mo ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń fìyẹn tu ara wọn nínú. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Òòfà kékeré náà ń fa sílíńdà, ìwé tó sì bá irin inú ara wá lè sọ pé àwọn dán an wò nínú ẹ̀rọ 1.5 àti 3 nìkan. Ìdánwò yẹn kò ṣe ẹlẹ́rìí fún ẹ̀rọ tó bá yàtọ̀, ìbáà kéré, ìbáà tóbi.

Ẹ wo ohun tó ti ṣẹlẹ̀. Ní July 2001, ní Valhalla ní ìpínlẹ̀ New York, ọmọdékùnrin ọlọ́dún mẹ́fà wà nínú ẹ̀rọ nígbà tí ẹnì kan gbé sílíńdà ọ́síjìn wọlé. Sílíńdà fò lù ú lórí, ọmọ náà kú. Ní January 2018, ní Mumbai ní Íńdíà, ọkùnrin kan tó bá ìbátan rẹ̀ wá gbé sílíńdà wọ yàrá, òòfà fa òun àti sílíńdà pa pọ̀, ó kú. Àwọn ẹbí rẹ̀ sọ pé òṣìṣẹ́ kan ló ní ẹ̀rọ kò ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ní October 2021, sílíńdà tún pa aláìsàn kan ní Gimhae ní Kòríà. Ní January 2023, ní São Paulo ní Bràsíl, agbẹjọ́rò kan tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ wọlé pẹ̀lú ìbọn abẹ́ aṣọ. Òòfà fa ìbọn náà, ó yìn, ọta wọ̀ ọ́ níkùn, ó sì kú ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Ilé àyẹ̀wò náà sọ pé ó ti buwọ́ lu fọ́ọ̀mù. Ní July 2025, ní Westbury, New York, ọkùnrin ẹni ọdún 61 kan wọlé láti gbé ìyàwó rẹ̀ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Ṣéènì tó fi ń ṣe eré ìdárayá wà lọ́rùn rẹ̀, ó tó kílò mẹ́sàn-án, òun náà kú lọ́jọ́ kejì.

Nínú àwọn márùn-ún wọ̀nyí, mẹ́ta kì í ṣe aláìsàn rárá. Ẹni tó sin aláìsàn wá ni wọ́n. Ní ilẹ̀ wa níbí, níbi tí aláìsàn kan lè ní ẹbí mẹ́rin lẹ́yìn, tí ìkan ń gbé omi, tí ìkan ń di orí mú, tí olùṣọ́ àgùntàn ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú Bíbélì, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé ojú lé.

Béèrè ìtàn ayé rẹ̀, má ka fọ́ọ̀mù sí i létí

Fọ́ọ̀mù wúlò. Ó ń ránni létí, ó sì ń dúró fún ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bi pé ṣé irin wà lára rẹ̀, ohun tó rí pẹ̀lú ojú ló máa wò: aago, òrùka, bẹ́líìtì. Ohun tó wọ inú ẹran ara lọ ní ogún ọdún sẹ́yìn ti kúrò ní irin lójú rẹ̀, ó ti di ìtàn. Ìtàn náà ló yẹ ká béèrè.

Ẹ jẹ́ ká fi bàbá àgbàlagbà kan ṣe àpẹẹrẹ, ẹ̀yìn ló ń dùn ún, wọ́n sì fẹ́ ya àwòrán egungun ẹ̀yìn rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ti kọ bẹ́ẹ̀ kọ́ sí gbogbo ìbéèrè orí fọ́ọ̀mù. Òṣìṣẹ́ fa àga súnmọ́ ọn.

“Bàbá, ẹ kú ìrìn o. Ẹ kú ewu ọ̀nà.”

“O ṣé, ọmọ mi.”

“Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe nígbà tí agbára wà?”

“Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mo ṣe. Kòkó, iṣu.”

“Ẹ ò ṣọdẹ?”

“Àgbẹ̀ wo ni kì í ṣọdẹ? Mo ṣọdẹ dáadáa.”

“Ìbọn kò wá bà yín rí?”

“Háà. Ìyẹn ti pẹ́. Ẹnìkejì mi ló rò pé ẹran ni. Wọ́n yọ èyí tí wọ́n lè yọ.”

“Èyí tí wọn ò yọ ńkọ́, bàbá?”

Bàbá fa ṣòkòtò sókè, ó sì fi àtàńpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ itan. Ó ní kí òṣìṣẹ́ fọwọ́ kàn án. Ó wà níbẹ̀, ó ń yọ̀ lábẹ́ awọ bí ẹ̀wà tútù. Ọmọ tó kọ fọ́ọ̀mù dúró tì wọ́n, ẹnu yà á. Ọdún tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, wọn ò tíì bí i.

Kò sí irọ́ nínú ohun tí bàbá kọ́kọ́ sọ. Wọn ò bi í nípa ìbọn ni. Ọta ìbọn ṣakabùlà sì lè léwu ju ọta ìbọn òyìnbó lọ níbi tí MRI bá wà, nítorí pé òjé ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ọta ìbọn òyìnbó, òòfà kì í sì í fa òjé. Ohun tí ọdẹ máa ń kì sí ṣakabùlà ni ègé irin, bọ́ọ̀lù irin inú bẹ́árìn ọkọ̀, ohunkóhun tó bá le. Irin gidi ni wọ́n. Bí irú rẹ̀ bá wà nínú ẹran itan tó ti jinná yí i ká fún ọ̀pọ̀ ọdún, dókítà onímọ̀ àwòrán lè gbà pé kí wọ́n máa bá iṣẹ́ lọ. Bó bá wà nítòsí ojú, ọ̀pá ẹ̀yìn, ọpọlọ tàbí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá, ọ̀rọ̀ yí padà. X-ray ni yóò sọ ibi tó wà àti iye rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè fi ìka mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, ìbéèrè tí mo máa ń fẹ́ kí wọ́n bi ọkùnrin Àkókó nìyí, bó ti wù kó kéré lọ́jọ́ orí: iṣẹ́ wo lẹ ti ṣe rí, ṣé ìbọn tàbí ohun ìjà ti kàn yín rí, ṣé ọkọ̀ ti gbá yín rí, ṣé wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún yín rí, ṣé nǹkan ti ta sí yín lójú rí lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ béèrè wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ dúró gbọ́ ìdáhùn. Bí wọ́n bá ti rán mọ́ ara wọn, bẹ́ẹ̀ kọ́ kan ṣoṣo ni yóò dáhùn gbogbo rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ èdè náà wà níbẹ̀. Ará Ìkáràm kì í fi Yorùbá àjùmọ̀lò sọ̀rọ̀ nínú ilé. Èdè tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Akpes ni wọ́n ń sọ, òun ni wọ́n jọ ń sọ pẹ̀lú Gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀, Àṣẹ̀, Ìbáràm àti àwọn ìlú mìíràn nítòsí. Ará Ọ̀kà ní ẹ̀ka-èdè tirẹ̀, ti Ìkàrẹ́ náà sì yàtọ̀. Ìyá àgbàlagbà lè gbọ́ Yorùbá ọjà dáadáa kó má gbọ́ Yorùbá tí nọ́ọ̀sì Ìbàdàn ń sọ nípa iṣan àti ọpọlọ. Ẹ wá ògbufọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi ọmọkùnrin ṣe ògbufọ̀ fún ìyá rẹ̀ lórí ohun tó wà nídìí. Kò ní sọ ọ́. Òṣìṣẹ́ obìnrin tó gbọ́ èdè náà ló dára jù, bí kò bá sí, ẹ pe nọ́ọ̀sì tó mọ̀ ọ́n nílé lórí fóònù, kí wọ́n jọ sọ̀rọ̀.

Ojú

Ọ̀rọ̀ ojú kì í ṣe ibi tí a ti ń kánjú. Ẹnikẹ́ni tó bá ti jó irin, tó ti lọ irin, tó ti lu ara ọkọ̀, tàbí tó ti fi òòlù àti ṣísẹ̀lì fọ́ òkúta lórí àwọn àpáta Àkókó wọ̀nyí, ẹ bi í nípa ojú. Ẹ rántí pé ẹni tó ń fọ́ òkúta kì í ka ara rẹ̀ mọ́ oníṣẹ́ irin, bẹ́ẹ̀ orí òòlù àti ẹnu ṣísẹ̀lì ni ẹ̀rún irin ti ń ta. Wẹ́dà púpọ̀ ni kì í wọ ìgò ojú tó yẹ. Dígí dúdú ti ọjà ni wọ́n ń lò. Ẹ̀rún tó kéré ju orí abẹ́rẹ́ lè wọ ẹyinjú, kí ojú pọ́n fún ọjọ́ méjì, kó sì fúyẹ́. Ẹni náà á ní ó ti jáde.

Ní 1986, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà kọ ìròyìn nípa òṣìṣẹ́ kan tó ti ṣiṣẹ́ irin pẹlẹbẹ rí. Ẹ̀rún irin ti wà nínú ẹyinjú rẹ̀ tipẹ́ láìdà á láàmú. Òòfà MRI yí ẹ̀rún náà padà, ẹ̀jẹ̀ dà sínú ojú, ojú náà sì fọ́.

Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé nǹkan ta sí i lójú rí, tí kò sì sí dókítà ojú tó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó ti jáde pátápátá, X-ray ojú ló kàn. Ó rọrùn, owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó MRI, wọ́n sì lè yà á kí aláìsàn tó kúrò ní àgbègbè Ìkàrẹ́. Ó dùn mí tí mo bá rí i pé ẹni tó ti dé Ìbàdàn ni wọ́n tún ń rán lọ wá X-ray kiri ìgboro.

Irin tí dókítà fi sí ara

Ojú ọ̀nà wa ti sọ ènìyàn púpọ̀ di onírin lẹ́sẹ̀. Àwọn tó ń gba Àkùngbá mọ ohun tí mò ń sọ. Ní January 2021, ọkọ̀ akẹ́rù kan ya wọ àárín èèyàn nítòsí Yunifásítì Adékúnlé Ajásin, akẹ́kọ̀ọ́ kú níbẹ̀. Nínú àwọn tí wọ́n ń yè nínú irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ni wọ́n fi ọ̀pá, pátákó irin tàbí ìdè dè ní egungun. Títéníọ̀mù tàbí irin aláìdípata ti iṣẹ́ abẹ ni wọ́n sábà fi ń ṣe wọ́n, òòfà kì í fà wọ́n débi tí wọn ó fi kúrò níbi tí wọ́n wà. Ohun tó kù ni pé wọ́n lè gbóná, wọ́n sì lè ba àwòrán tó wà nítòsí wọn jẹ́. Ẹ sọ fún òṣìṣẹ́, kí wọ́n lè tún ẹ̀rọ tò. Irin tí wọ́n fi dè é láti ìta, tí ọ̀pá rẹ̀ yọ síta awọ, ìyẹn kò gbọdọ̀ wọlé títí tí ẹni tó mọ irú rẹ̀ yóò fi sọ̀rọ̀.

Àwọn tó le jù ni pacemaker, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré abẹ́ awọ àyà tí ń mú ọkàn lù. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi sí etí inú kí adití lè gbọ́. Ẹ̀rọ tí ń rán iná sí iṣan ara. Àti irin tín-ín-rín tí wọ́n fi há iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wú nínú ọpọlọ. Ìròyìn tó jáde ní 1993 sọ nípa obìnrin kan ní Amẹ́ríkà tó kú nítorí pé irin inú ọpọlọ rẹ̀ yí nígbà tó wọ MRI. Láti 2011 ni Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí pacemaker àkọ́kọ́ tó lè wọ MRI, ṣùgbọ́n ó ní òfin tirẹ̀: ẹni tó mọ̀ nípa ẹ̀rọ ọkàn gbọ́dọ̀ tún un tò ṣáájú, kó wà níbẹ̀ tàbí nítòsí, kó sì dá a padà sípò lẹ́yìn náà. Bí ilé ìwòsàn tí ẹ wà kò bá lè ṣe gbogbo ìyẹn, kò sí àríyànjiyàn, kí onípacemaker má tilẹ̀ kọjá ìlẹ̀kùn. Ọmọ tí wọ́n fi rọ́bà kékeré sí lórí nítorí omi ọpọlọ náà nílò ìbéèrè. Rọ́bà náà kì í ṣe ìṣòro, àmọ́ irú kan wà tí wọ́n ń fi òòfà tò, òòfà MRI lè yí i padà, ọ̀nà omi á wá ṣí jù tàbí pa dé.

Báwo lẹ ṣe máa mọ irú irin tó wà nínú ara? Kì í ṣe nípa ìrántí aláìsàn. Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, páálí tí irin náà wà nínú rẹ̀ máa ń ní sítíkà tó ní orúkọ àti nọ́ńbà. Ẹ ní kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ káàdì, kí ẹ sì fi fóònù yà á. Àmì mẹ́ta ló wà lórí àwọn nǹkan báyìí: igun mẹ́rin aláwọ̀ ewé, òun ni kò léwu níbikíbi nínú yàrá, igun mẹ́ta aláwọ̀ ìyeyè, òun ni ó lè wọlé bí a bá pa òfin tó bá a wá mọ́, òbìrípo pupa tí ìlà fà kọjá, òun ni kò gbọdọ̀ wọlé. Ti ìyeyè ló máa ń ṣi ènìyàn lọ́nà. Ẹni tó bá rí i á ní wọ́n ti gbà á láàyè, kò sì ní ka òfin ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ara obìnrin, àti ohun tí a kì í fi hàn

Ìyàrá ìpààrọ̀ aṣọ ni òtítọ́ ti máa ń wá síta, kì í ṣe lórí fọ́ọ̀mù. Obìnrin á tú gèlè, píìnì mẹ́ta á bọ́ sílẹ̀. Á tú ìró, píìnì kan wà níbẹ̀ tó fi so ó, owó wà ní kókó rẹ̀, àti káàdì ATM tí òòfà á pa. Abẹ́ wíìgì ni irin kékeré tí wọ́n fi há a mọ́ orí wà. Léèsì tàbí aṣọ òkè tí òwú dídán wà nínú rẹ̀ lè gbé iná kó sì jó awọ. Ìkọ́ kọ́mú, sípù, eyín àtọwọ́dá, tìróò àti àtíkè ojú tó ń dán, gbogbo rẹ̀ ni kó kúrò. Kí gbogbo ènìyàn wọ aṣọ ilé ìwòsàn, ìbáà ṣe ìyàwó kọmíṣọ́nà.

Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí máa ń fa ìtìjú. Gíláàsì tàbí rọ́bà kò léwu, ṣùgbọ́n okùn rẹ̀ lè jẹ́ wáyà, irin kéékèèké sì lè wà láàárín wọn. Kí òṣìṣẹ́ obìnrin bi í jẹ́jẹ́. Bó bá ní òun kò ní já a, ẹ bi í pé kí ni wọ́n fi sín in, kí ẹ wò ó pẹ̀lú àṣẹ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ oògùn ìbílẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Òǹdè, ìgbàdí, òrùka, ẹ̀gbà irin ti ẹlẹ́sìn Ògún: àwọn tó wọ̀ wọ́n kì í fẹ́ kí àlejò mọ̀, pàápàá kí ọmọ tó ti di ajíhìnrere mọ̀. Mo ti rí òṣìṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù níbi tó yẹ kó ti béèrè. Bàbá náà pa ẹnu mọ́, kò sì yẹ ká bá a wí. Ẹ lé ẹbí jáde. Ẹ sọ pé, “Bàbá, òòfà ló wà nínú ilé yìí, irin ló ń fà, kò mọ èyí tó jẹ́ ti ìsọ́. Bí ohunkóhun bá wà lára yín, ẹ bọ́ ọ fúnra yín, kí ẹ tọ́jú ẹ síbi tí ojú yín tó o.” Ẹ má fọwọ́ kàn án. Gbẹ́rẹ́ lásán kò léwu. Bó bá sọ pé wọ́n ti ki nǹkan bọ abẹ́ awọ òun, X-ray ló kù.

Lórí ìfètò-sọ́mọ-bíbí, obìnrin tó gba lúùpù oníbàbà tàbí èyí tí wọ́n ń fi sí apá kò ní láti bẹ̀rù púpọ̀, òòfà kì í fa bàbà. Kó ṣáà sọ ọ́. Oyún ńkọ́? MRI fúnra rẹ̀ kò ní ìtànṣán bíi ti X-ray, dókítà sì lè ṣe é bó bá pọn dandan. Oògùn àwòrán, èyí tí wọ́n ń gún sára kí àwòrán lè hàn kedere, ni a kì í fún aboyún láìsí ìdí tó lágbára. Nítorí náà ẹ béèrè ìgbà tó rí nǹkan oṣù kẹ́yìn, kì í ṣe ṣé ó lóyún. Ìyàwó ilé tí ìyá ọkọ rẹ̀ jókòó tì kò ní dáhùn ìyẹn bó ṣe yẹ.

Kíndìnrín, ooru, ariwo

Oògùn àwòrán tí mo mẹ́nu bà ni gadolinium. Kíndìnrín ló ń lé e jáde. Láti 2006 ni ayé ti mọ̀ pé bí kíndìnrín bá ti bàjẹ́ gan-an, irú gadolinium kan lè mú kí awọ àti iṣan le gbagidi, kò sì sí ìwòsàn tó dájú fún un. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ, tàbí tó ti ń mu àgbo láti ọdún pípẹ́, kó ṣe àyẹ̀wò creatinine, tó ń fi bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn, kó tó kúrò nílé. Bí iṣẹ́ kíndìnrín rẹ̀ bá kéré sí 30 lórí òṣùwọ̀n eGFR, dókítà ni yóò pinnu bóyá wọ́n á lo oògùn náà rárá, àti èyí tí wọ́n á lò. Ọ̀pọ̀ àwòrán kò nílò rẹ̀.

Ìgbì rédíò ń mú ara gbóná. Aláìsàn kò gbọdọ̀ pa ọwọ́ pọ̀, itan kò gbọdọ̀ kan itan. Ẹ fi aṣọ sáàárín wọn. Wáyà tó ká mọ́ra kò gbọdọ̀ wà lórí awọ. Ariwo rẹ̀ lè kọjá 100 decibel, ẹ di etí rẹ̀, ẹ sì di ti ẹni tó bá wọlé tì í. Kí bọ́ọ̀lù pajáwìrì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó tì í wọlé, kí ẹ sì jẹ́ kó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan kó mọ̀ pé ẹ̀ ń gbọ́.

Ìlẹ̀kùn

Agbègbè mẹ́rin ni wọ́n pín ibi iṣẹ́ MRI sí: ìta níbi tí gbogbo ayé ń kọjá, ibi tí a ti ń béèrè, ibi tó jẹ́ pé ẹni tí a ti yẹ̀ wò nìkan ló ń dé, àti yàrá òòfà fúnra rẹ̀. Láàárín èkejì àti ẹ̀kẹta ni ìlẹ̀kùn tó yẹ kó máa wà ní títì. Àmọ́ nígbà tí ẹ̀rọ amúlétutù bá kọ̀, ẹnì kan á fi àga gbé ìlẹ̀kùn ró kí afẹ́fẹ́ wọlé. Ọjọ́ ooru ni kí ẹ ṣọ́ jù.

Ẹni tí kò bá ní iṣẹ́ nínú yàrá, kó dúró síta. Bí ọmọ kékeré bá nílò ìyá rẹ̀ nítòsí, ẹ bi ìyá náà ní gbogbo ohun tí ẹ bi ọmọ, kí òun náà pààrọ̀ aṣọ. Ọlọ́pàá tàbí Àmọ̀tẹ́kùn tó sin ẹlẹ́wọ̀n wá, kí ìbọn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ níta; ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ẹlẹ́wọ̀n náà, kí wọ́n fi ti rọ́bà rọ́pò rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ aláìsàn, sírẹ́ṣà, òpó dírípù àti sílíńdà ọ́síjìn tó bá wá láti wọ́ọ̀dù, ìta ni wọ́n ń gbé. Ẹ tún bi aláìsàn lẹ́ẹ̀kejì ní ẹnu ìlẹ̀kùn, kí ó jẹ́ ẹlòmíràn ni yóò bi í, nítorí pé ìdáhùn sábà máa ń yàtọ̀ lẹ́yìn tí ó ti jókòó fún wákàtí kan tó ń ronú.

Bí irin bá ti fò mọ́ ẹ̀rọ, tí kò sí ènìyàn lábẹ́ rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ gbé aláìsàn jáde, ẹ ti ìlẹ̀kùn, ẹ pe ẹnjiníà. Ẹni tó bá fagbára fà á ni yóò fara pa. Bí ó bá há ènìyàn mọ́lẹ̀, bọ́tìnì pajáwìrì tó ń tú helium sílẹ̀ wà, òun ló ń pa òòfà, kì í sì í ṣe lójú ẹsẹ̀; ó máa ń gba ìṣẹ́jú kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí páìpù tí gáàsì ń gbà jáde bá dí, helium á kún inú yàrá, á sì lé ọ́síjìn jáde, nítorí náà kí gbogbo ẹni tó bá lè jáde jáde. Ẹ̀rọ tó jẹ́ irin òòfà gan-an kò ní bọ́tìnì yìí. Kí gbogbo òṣìṣẹ́ mọ èyí tó wà níwájú wọn.

Ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀, àti ẹni tí a dá padà

Ẹni tó dákú láti ojú ọ̀nà, tí kò sí ẹbí lẹ́yìn rẹ̀, ẹ wo ara rẹ̀ fún àpá iṣẹ́ abẹ àti ọgbẹ́ ìbọn, ẹ ya X-ray orí, àyà àti ikùn, ẹ sì pe nọ́ńbà tó wà nínú fóònù rẹ̀ kí ẹ bi wọ́n nílé. Bí àwòrán CT, tí kì í lo òòfà, bá lè dáhùn ohun tí dókítà ń wá, CT ni kí ẹ ṣe.

Ní ti ẹni tó rin ìrìn tó jìn yìí tí ẹ wá rí i pé kò lè wọlé, ẹ má kàn sọ fún un pé kó máa lọ. Ìbá dára ká ti béèrè gbogbo èyí lórí fóònù kó tó kúrò ní Ìkáràm. Níwọ̀n bí a kò ti béèrè, ẹ pe dókítà tó kọ ìwé ìtọ́ka níṣojú rẹ̀, kí ẹ jọ wá ọ̀nà mìíràn. Kí ẹ wá kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé náà, ní lẹ́tà gàdàgbà: irú irin tó jẹ́, ibi tó wà lára rẹ̀, ẹni tó rí i, X-ray tó fi hàn, ọjọ́ tí ẹ rí i, àti nọ́ńbà fóònù ibi iṣẹ́ yín, kí ẹni tó bá gba ìwé náà ní Ìkàrẹ́ lọ́jọ́ kejì lè pè yín.